Mànàmáná Láìsí Àrá: Òpè Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe nínú Àwọn Fíìmù Kidlat Tahimik

Ìfáàrà

Ní ọdún 1977, fíìmù kan láti orílẹ̀-èdè Filipínì gba ẹ̀bùn àwọn olùlámèyítọ́ àgbáyé níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin. Mababangong Bangungot ni àkọlé rẹ̀. Kidlat Tahimik ni orúkọ ẹni tí ó kọ ìtàn rẹ̀, tí ó darí rẹ̀, tí ó sì ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀. Awakọ̀ èrò ni olú ẹ̀dá-ìtàn yìí ní abúlé Balian, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí Amẹ́ríkà àti sí ọkọ̀ tí ń lọ sí òṣùpá. Ohùn tí ó fi ń sọ ìtàn ara rẹ̀ dà bí ohùn ọmọdé: kò sí ohun tí kì í yà á lẹ́nu, kò sì sí ohun tí ó ń tijú láti béèrè. Ó rọrùn fún òǹwòran láti gbà pé ará oko kan ni ó ṣèèṣì rí kámẹ́rà he.

Òótọ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ohùn náà ti gba oyè ìjìnlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò ní ilé-ẹ̀kọ́ Wharton ní Yunifásítì Pennsylvania, ó sì ti ṣiṣẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Paris fún OECD, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó dá sílẹ̀ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé. Ẹni tí ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ bí owó ti ń yí ayé ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ Tahimik kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ṣé ẹ̀tàn ni ohùn òpè yìí, àbí irin-iṣẹ́?

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé irin-iṣẹ́ ni, àti pé ohun kan pàtó ni ó wà fún. Tahimik ń fi ohùn òpè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, ara rẹ̀ tí ó kàwé, tí ó sì ti gba àlá àwọn ẹlòmíràn gbọ́ rí. Níbi tí ìdájọ́ ara ẹni yìí bá ti wà ni fíìmù rẹ̀ ti lágbára jù. Níbi tí ó bá ti gbàgbé pé ìbòjú ni òpè jẹ́, tí ó fẹ́ kí a gbà pé ojú gan-an ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń rọ̀.

Láti Eric de Guia dé Kidlat Tahimik

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìlú Baguio, ìlú orí òkè ní àríwá erékùṣù Luzon, ni a ti bí Eric Oteyza de Guia ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Àwọn Amẹ́ríkà ni ó sọ Baguio di ìlú ńlá lásìkò ìjọba amúnisìn wọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè rí ibi sá sí nígbà ooru Manila. Daniel Burnham, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ya àwòrán ètò ìlú náà. Ìdílé tí a mọ̀ dáadáa ni ìdílé de Guia níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Virginia Oteyza de Guia, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ olórí ìlú náà. Ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún ọmọ tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀: Yunifásítì Filipínì, lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà Paris.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ó yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Ó fi iṣẹ́ OECD sílẹ̀, ó sì fa ìwé ẹ̀rí Wharton ya. Ní ọdún 1972, ó kó àwọn nǹkan ọ̀ṣọ́ tí a fi ìkarahun ṣe lọ sí Munich láti tà fún àwọn tí ó wá wo ìdíje Òlíńpíìkì. Ọjà náà kò tà, gbèsè sì dá a dúró sí Jámánì. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn oníṣẹ́-ọnà gbé, ibẹ̀ náà ni ó ti pàdé Werner Herzog, tí ó fún un ní ipa kékeré nínú fíìmù rẹ̀ lórí Kaspar Hauser, èyí tí ó jáde ní ọdún 1974. Ẹni tí ó kàwé lórí bí a ṣe ń tajà kùnà nídìí ọjà títà. Ìkùnà yẹn ni ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ fíìmù.

Orúkọ tuntun tẹ̀lé ìgbésí ayé tuntun. Ní èdè Tagalog, kidlat ni mànàmáná, tahimik sì ni ohun tí ó dákẹ́. Mànàmáná a máa ṣáájú àrá. Ó ti fi ohun tí ó wà nínú òkùnkùn hàn kí ariwo tó dé. Orúkọ náà dà bí ìlànà iṣẹ́: kí a fi hàn, kí a má pariwo. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni ẹ̀dá-ìtàn inú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́. Olùdarí àti ẹ̀dá-ìtàn ń pín orúkọ kan àti ojú kan lò. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro láti mọ ibi tí ẹ̀kú parí sí àti ibi tí ara ẹni tí ó gbé e ti bẹ̀rẹ̀. Orí ìṣòro yìí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé.

Òórùn dídùn àti ikú ojú oorun

Àkọlé Mababangong Bangungot tó ìtúpalẹ̀ fúnra rẹ̀. Mabango ni ohun tí ó ń ta sánsán. Bangungot ni àlákálá, ṣùgbọ́n orúkọ náà ni àwọn ará Filipínì tún fi ń pe ikú òjijì tí ń pa ènìyàn lójú oorun. Ní Yorùbá, a lè pè é ní Àlákálá Olóòórùn Dídùn. Bí ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jọra tó mú kí wọ́n dún bí ẹni pé inú ara wọn ni wọ́n ti jáde: òórùn dídùn ni ó ń mú oorun wọni lára, inú oorun ni ikú sì wà.

Kidlat inú fíìmù ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Wernher von Braun ní abúlé rẹ̀. Orí rédíò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn ayé. Von Braun tí ó ń bọlá fún ni ẹni tí ó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 fún ìjọba Hitler, ohun ìjà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fipá mú kú nídìí ṣíṣe rẹ̀, kí ó tó di ẹni àpọ́nlé ní Amẹ́ríkà, tí ó sì kópa ńlá nínú ṣíṣe ọkọ̀ Saturn V tí ó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969. Olùdarí mìíràn ì bá dá ìtàn dúró láti ṣàlàyé. Tahimik kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí òpè máa yin akọni rẹ̀ lọ, ó sì fi àlàfo tí ó wà láàárín ìyìn náà àti òtítọ́ sílẹ̀ fún òǹwòran. Àǹfààní àkọ́kọ́ tí ohùn òpè ní nìyí: kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀tàn kò lè gbọ́ ọ kí ara má ta á.

Àmì tí ó gba gbogbo fíìmù náà kan ni afárá. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó wọ Balian. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Kidlat ń fi okùn fa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀, láti orí ọkọ̀ ìṣeré títí dé orí jeepney gidi. Lórí afárá mìíràn ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ti pa bàbá rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn èyí ni ìbọn tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan yìn ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1899, tí ó dá ogun sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti àwọn ará Filipínì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ja àjàbọ́ lọ́wọ́ Sípéènì. Bí a bá fi ọdún ṣírò, ọ̀dọ́mọkùnrin àwọn ọdún 1970 kò lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ó kú nígbà náà. Fíìmù náà kò bìkítà. Bàbá, lójú rẹ̀, ni ìran tí a pa lẹ́nu ọ̀nà òmìnira. Ọmọ ni ìran tí a tọ́ dàgbà láti fẹ́ràn ẹni tí ó yìnbọn. Nígbà tí Kidlat wá bá ọ̀gá ará Amẹ́ríkà kan lọ sí Paris láti máa bójú tó ẹ̀rọ tí ń ta ṣíńgọ́ọ̀mù, ẹni tí ó bá rántí pé Paris ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù Kejìlá ọdún 1898, tí Sípéènì fi yọ̀ǹda Filipínì fún Amẹ́ríkà lórí mílíọ̀nù 20 dọ́là, yóò mọ̀ pé ìlú tí òpè ń wò tìyanu-tìyanu yẹn kì í ṣe àjèjì sí ìtàn rẹ̀ rárá.

Ohun tí ó gba fíìmù yìí lọ́wọ́ ìkórìíra lásán ni ohun tí Kidlat rí ní Yúróòpù. Ní Paris, ó bá Lola, obìnrin ẹlẹ́yin, ṣọ̀rẹ́ nínú ọjà tí ilé ìtajà ńlá kan fẹ́ lé kúrò. Ní Jámánì, ó wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí wọ́n ti ń gbé orí ilé ìsìn kan gòkè, èyí tí ó rí roboto bí àlùbọ́sà, tí wọ́n sì sọ pé irú rẹ̀ ìkẹyìn ni wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Àwọn kéékèèké wà ní Yúróòpù pẹ̀lú, a sì ń gbé wọn mì níbẹ̀ bí a ti ń gbé wọn mì ní Balian. Òpè ni ó lè rí èyí, nítorí pé kò tíì kọ́ láti pín ayé sí ti olówó àti ti tálákà gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé àjọ OECD ti ń pín in. Ní ìgbẹ̀yìn, Kidlat kọ̀wé fi ipò ààrẹ ẹgbẹ́ von Braun sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí tí Eric de Guia fà ya yóò mọ ẹni tí ìwé ìkọ̀wésílẹ̀ náà ń bá wí.

Fredric Jameson, nínú ìwé rẹ̀ The Geopolitical Aesthetic tí ó jáde ní ọdún 1992, fún fíìmù yìí ní odidi orí kan. Ó tọ́ka sí jeepney gẹ́gẹ́ bí ọkàn fíìmù náà, ó sì tọ̀nà. Ọkọ̀ ogun tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ará Filipínì tún tò, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n sì sọ di ọkọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìmọ̀ọ̀ṣe tí Jameson fi sínú àkọlé orí náà ti ṣi ọ̀pọ̀ òǹkàwé lọ́nà. Bí jeepney ti rí ni ohùn òpè náà rí: a tò ó láti inú ohun tí ọ̀gá fi sílẹ̀, ẹni tí ó tò ó sì mọ ibi tí gbogbo irin inú rẹ̀ ti wá.

Ìfiwéra kan láti inú àsìkò kan náà mú èyí ṣe kedere. Láàárín ọdún 1976 sí 1977, Francis Ford Coppola ń ya Apocalypse Now ní Filipínì, apá kan rẹ̀ ní Pagsanjan, ní ìpínlẹ̀ Laguna kan náà tí Balian wà. Ó ná ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ, ó sì yá ọkọ̀ hẹlikópítà lọ́wọ́ ìjọba Marcos. Nǹkan bí $10,000 ni Tahimik fi ṣe tirẹ̀. Nínú fíìmù Coppola, Vietnam ni wọ́n fi Laguna pè. Nínú ti Tahimik, Laguna ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Coppola kan náà ni ó sì wá gbé Mababangong Bangungot jáde fún àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà.

Ọjà tí ó gba ọjọ́ ọdún

Turumba, tí ó jáde ní ọdún 1981, ni ó fi hàn jù pé onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni ó wà nídìí kámẹ́rà. Ìlú Pakil, ní Laguna, ni ibùdó ìtàn. Ìdílé kan níbẹ̀ ń fi bébà àti àtè mọ ère kéékèèké tí wọ́n ń tà nígbà ọdún Turumba, ọdún tí wọ́n fi ń ṣàyẹ́sí Màríà Oníbànújẹ́. Bàbá ìdílé náà ni ó ń ṣáájú orin ìwọ́de. Kadu, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ni ó ń sọ ìtàn. Obìnrin oníṣòwò kan láti Jámánì rà gbogbo ọjà wọn, ó tún béèrè sí i, títí ó fi kan àmì ìdíje Òlíńpíìkì Munich, ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Waldi.

Kò sí ẹni burúkú nínú ìtàn yìí. Oníbàárà náà ń sanwó, inú ìdílé náà ń dùn, àwọn nǹkan ìgbàlódé ń wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé di ilé-iṣẹ́, tí aládùúgbò di òṣìṣẹ́ tí a ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ọwọ́ tí ó ti ń mọ ère bí ó ti wù ú wá ń mọ ère kan ṣoṣo nígbà ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ọdún Turumba tún dé, ẹni tí ó ń ṣáájú orin kò ráyè, nítorí ọjọ́ tí ọjà gbọ́dọ̀ kúrò nílé ti sún mọ́lé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nítorí ọdún ni ó gba ọdún lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìmọ̀ ọrọ̀ ajé yóò kọ èyí sílẹ̀ bí ìdàgbàsókè: owó pọ̀ sí i, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Ohùn Kadu kò tako ìṣirò náà. Ó kàn ń ka ohun tí ìṣirò kò kà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Munich ọdún 1972 ni Tahimik fúnra rẹ̀ kó ọjà lọ. Ẹni tí ó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé lọ fún olówó Yúróòpù nínú ìtàn yìí ń ṣe ohun tí olùdarí náà ti gbìyànjú láti ṣe. Bí ọjà tirẹ̀ bá ti tà ni, ìtàn Turumba ni ì bá dá sílẹ̀ ní abúlé àwọn ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí fíìmù náà kò fi ní ẹ̀gàn nínú: ọ̀daràn tí ó ń wá wà nínú ilé.

Ife epo kan lẹ́ẹ̀kan

Ní àwọn ọdún 1980, Tahimik kọ àròkọ kan lórí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, nínú èyí tí ó fi oríṣi arìnrìn-àjò méjì wéra. Èkíní kún táńkì ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́nu, ó tún mú káàdì báńkì dání, ó sì dé ibi tí ó ń lọ ní wákàtí tí ó dá. Èkejì ń ra epo ní ife kọ̀ọ̀kan. Ibi tí epo bá tán sí ni ó ń dúró, ibi tí ó bá dúró sí ni ó sì ń rí ohun tí kò wá. Àwa-ara-wa mọ̀ pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ìmọ̀ràn lórí sùúrù lọ. Ẹni tí ó ń fi owó ẹlòmíràn ṣe fíìmù ti fi ọjọ́ rẹ̀ dógò, gẹ́gẹ́ bí ìdílé inú Turumba ti fi tiwọn dógò.

Èso ìlànà yìí hàn nínú Bakit Dilaw ang Gitna ng Bahag-hari, ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí a fi kámẹ́rà kọ. Àwọn ohun tí Tahimik yà láàárín ọdún 1981 sí 1993 ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì gùn tó nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Bí ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ti ń dàgbà ni orílẹ̀-èdè ń yí padà: wọ́n pa Benigno Aquino ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, àwọn ará ìlú lé Marcos kúrò ní oṣù Kejì ọdún 1986, ilẹ̀ mì tìtì ní Baguio ní oṣù Keje ọdún 1990, òkè Pinatubo bú gbàmù ní ọdún 1991. Àwọ̀ ofeefee tí ó wà nínú àkọlé náà ni àwọ̀ àwọn olólùfẹ́ Aquino. Ìrètí tí àwọ̀ náà gbé wá ń ṣá lójú òǹwòran, ọdún dé ọdún, láìsí pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Fíìmù tí a parí ní ọdún 1986 kò ní lè mọ̀ bí ayọ̀ ọdún 1986 yóò ti rí ní ọdún 1993. Àìyára ni ó fún un ní ìmọ̀ yìí.

Níbi tí ìbòjú ti fẹ́ di ojú

Fíìmù lórí Enrique ni ó gùn jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrú ni Enrique, tí Magellan mú ní Malacca, tí ó sì bá a rìn títí dé Filipínì gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Nígbà tí wọ́n pa Magellan ní Mactan ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1521, ìwé ìhágún rẹ̀ ti sọ pé kí ẹrú náà di òmìnira, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ kọ̀. Lẹ́yìn àsè ìpànìyàn tí ó wáyé ní Cebu ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, àkọsílẹ̀ kò sọ ibi tí Enrique wọlẹ̀ sí. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni Tahimik ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn yìí, òun fúnra rẹ̀ ni Enrique. Ní ọdún 2015 ni Balikbayan #1 tó dé Berlin, níbi tí ó ti gba ẹ̀bùn Caligari. Láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ojú Enrique ti hun jọ, irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí tàbí tí wọ́n kéré nígbà náà ti di òṣèré nínú rẹ̀. Àkókò tí ó kọjá kò ṣeé fi àtíkè yà sójú, ibi tí fíìmù náà ti wọni lákínyẹmí ara jù lọ sì nìyẹn.

Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni ó nílò àyẹ̀wò. Fíìmù náà sọ Enrique di ọmọ Ifugao, ará òkè àríwá Luzon, ó sì fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ó yí ayé po. Ìwé ìhágún Magellan pè é ní ọmọ Malacca. Pigafetta, akọ̀wé ìrìn-àjò náà, ní ará Sumatra ni. Kò sí àkọsílẹ̀ tí ó so ó mọ́ Ifugao. A lè dáhùn pé ọwọ́ ọ̀gá ni ó kọ àkọsílẹ̀, àti pé ìtàn àròsọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbèjà ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Ìdáhùn yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀ náà. Ta ni ó kọ́kọ́ yí ayé po jẹ́ ìbéèrè àwọn ajagungbalẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí. Ẹni tí ó ń bá wọn du ipò àkọ́kọ́ ti gba òṣùwọ̀n wọn. Kidlat inú Mababangong Bangungot gbọ́n ju èyí lọ. Òun kọ̀wé fi ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ipò àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bàǹtẹ́. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni Tahimik ti ń wọ bàǹtẹ́ àwọn ará òkè lọ sí àwùjọ, tí ó sì ń gbé kámẹ́rà tí a fi ọparun ṣe kọ́wọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ sí àwọn Ifugao pẹ́, ó sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ olórí ìlú Baguio kọ́ ni ó ni ìtàn tí bàǹtẹ́ yẹn ń sọ, kámẹ́rà ọparun kò sì lè ya ohunkóhun. Ohùn òpè inú fíìmù àkọ́kọ́ ń mú kí òǹwòran béèrè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Bàǹtẹ́ ń dáhùn ìbéèrè náà kí a tó béèrè rẹ̀. A lè fi ti àwọn obìnrin kún un: ìyá, ìyá-ńlá, ẹlẹ́yin Paris, gbogbo wọn ni olùtọ́jú ìrántí àti oore. Àǹfààní láti lá àlá tí kò dára, kí wọ́n sì fúnra wọn jí kúrò nínú rẹ̀, ọkùnrin ni fíìmù wọ̀nyí fi í fún.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 2018, ìjọba Filipínì fi Tahimik jẹ oyè Oníṣẹ́-Ọnà Orílẹ̀-Èdè. Oyè náà tọ́ sí i. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àwòrán bàbá àgbà oníbàǹtẹ́, onírẹ̀ẹ́rìn-ín, lè bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, kí a sì máa yin ìwà òpè rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, a ti ṣe fún un ohun tí oníbàárà inú Turumba ṣe fún àwọn ère bébà.

Ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí a máa ka Tahimik gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kàwé, tí ó mọ iye tí nǹkan ń ná, tí ó sì yàn láti béèrè ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé yóò béèrè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi èdè ilé-ìwé kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lórí afárá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mababangong Bangungot àti Turumba kò sọ pé kí ẹni bẹ́ẹ̀ díbọ́n pé òun kò kúrò nílé rí. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé, nígbà tí ó bá ń ṣírò gbèsè tí ayé jẹ abúlé rẹ̀, kí ó má yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìwé.